Tọkọtaya tó ń rẹ́rìn-ín lórí pósí

Ẹ ní ká sọ ìrìn wa sí mùsíọ́mù, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà. Ọjọ́ Ajé la kọ́kọ́ lọ, a bá géètì ní títì pa. Mùsíọ́mù Villa Giulia ní Róòmù, níbi tí wọ́n kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn Etruscan, àwọn ará Ítálì àtijọ́ kan, sí, kì í ṣí lọ́jọ́ Ajé. Ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbangba, èmi ni mi ò yẹ̀ ẹ́ wò. Àwa mẹ́ta ti fẹsẹ̀ rìn láti ibùdókọ̀ Flaminio nínú oòrùn. Bàbá Kúdí ò sọ̀rọ̀. Ó kàn wò mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́kọ, ẹ mọ irú wíwò yẹn.

Ọjọ́ kejì la tó wọlé. Póòpù kan, Julius Kẹta, ló kọ́ ilé náà láyé ọdún 1550 láti máa fi gbafẹ́, kó tó di mùsíọ́mù ní 1889. Àwọn Etruscan ti ń ṣọlá láàárín gbùngbùn Ítálì nígbà tí Róòmù ṣì kéré.

Kí n má parọ́, wúrà ló gbé mi débẹ̀. Pẹlẹbẹ wúrà mẹ́ta, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ìwé, tí wọ́n hú ní Pyrgi létí òkun ní 1964. Ó ti lò tó ọdún 2,500. Ihò wà yíká etí wọn, níbi tí wọ́n ti fi ìṣó kàn wọ́n mọ́ nǹkan. Méjì jẹ́ èdè Etruscan, ìkẹta jẹ́ ti àwọn Fòníṣíà, àwọn oníṣòwò orí òkun ayé àtijọ́. Thefarie Velianas, olórí ìlú Caere (Cerveteri ti òde òní), ló ń sọ pé òun ya ibì kan sí mímọ́ fún òrìṣà obìnrin tí àwọn ń pè ní Uni, tí àwọn Fòníṣíà mọ̀ sí Astarte. Ọ̀tún ni wọ́n ti ń kà á bọ̀ sí òsì. Ọmọ ilé kéwú ni mí, n ò mọ ìgbà tí ìka mi bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ ọ́ lára gíláàsì. Lẹ́tà àwọn Etruscan ò ṣòro pè, torí ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì ni wọ́n ti mú un, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ wọn ṣì ń da àwọn ọ̀mọ̀wé láàmú. Ọ̀rọ̀ èmi àti Yásínì nìyẹn: mo lè kà á láti òkè délẹ̀, ẹ má ṣáà bi mí ohun tó ń sọ.

Àfi ìgbà tá a dé ọ̀dọ̀ tọkọtaya yẹn. Pósí ni o, amọ̀ sísun, ó fẹ́ẹ̀ gùn tó mítà méjì. Cerveteri ni wọ́n ti hú u ní 1881, àfọ́kù bí 400, kí wọ́n tó tò ó padà. Lórí rẹ̀, ọkùnrin kan àti ìyàwó ẹ̀ fìgbọ̀nwọ́ tì lórí ibùsùn bí ẹni wà lóde àríyá. Ọkọ wà lẹ́yìn, àyà ẹ̀ ṣí sílẹ̀, kò wọ bàtà. Ìyàwó dé fìlà, ó wọ bàtà ẹlẹ́nu ṣóńṣó. Àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Àwọn orí amọ̀ Ilé-Ifẹ̀ tí mo ti rí, ojú wọn máa ń tutù ni, bí ọba tó ń gbọ́ ẹjọ́. Àwọn wọ̀nyí, àfi bíi pé àwàdà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lẹ́nu ọkọ ni.

Ọwọ́ wọn ni mo dúró tì. Ọkọ gbé apá lé ìyàwó léjìká. Ìka ìyàwó ká bí ẹni tó di nǹkan mú, ṣùgbọ́n nǹkan ọ̀hún ti sọnù. Kúdí bi wá pé kí ló mú dání. Mo ní àwọn kan rò pé ìgò òróró olóòórùn dídùn ni. Bàbá Kúdí, tí ò tíì lanu láti àná, ní, “Owó ọbẹ̀ ló ń gbà.” Mo bú sẹ́rìn-ín débi pé ẹ̀ṣọ́ yíjú wò wá.

Àwọn Gíríìkì máa ń bú àwọn Etruscan torí pé obìnrin wọn ń bá ọkùnrin jókòó níbi àsè. Mo rántí àwọn òbí mi. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi gbé pọ̀, pálọ̀ ni Àlájì ti ń jẹun, ìdáná ni ìyá wa ti ń jẹ tiwọn.

Ẹnì kan fèsì sábẹ́ ẹ̀:
— Ìyá Kúdí, ẹ kú ìrìn o. Ẹ bá dé Cerveteri fúnra ẹ̀, ní Banditaccia tí àwọn Etruscan máa ń sin òkú wọn sí nígbà náà. UNESCO kọ ọ́ mọ́ ohun àjogúnbá ayé ní 2004. Lóde, òkìtì roboto ni, koríko hù lé e. Ẹ wọnú ẹ̀, yàrá ni wọ́n gbẹ́ sínú òkúta: òpó, ibùsùn, ìrọ̀rí. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní Tomba dei Rilievi, ẹ̀yìn gíláàsì lẹ ti máa wò ó. Ọ̀bẹ, okùn, ohun èlò ilé oríṣiríṣi ni wọ́n yọ sára òpó, wọ́n sì kùn ún. Mo na ọrùn wo ẹ̀gbẹ́ ibùsùn kan, mo rí bàtà ẹsẹ̀ méjì tí wọ́n ṣe síbẹ̀, ó tò bíi pé ẹni tó bọ́ ọ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ sùn ni.