Bí mo ṣe kọ ohùn ẹ̀lúlùú sílẹ̀ fún dùùrù

Dùùrù ni mò ń tẹ̀ nínú ìjọ wa ní Adó-Èkìtì, àwọn orin tí a kọ fún ohun èlò nìkan, tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú, ni ọkàn mi sì máa ń fà sí jù. Èyí tí mo ń gbọ́ ní àgbọ́tungbọ́ nínú wọn ni Sínfóní Kẹfà tí Beethoven gbé jáde ní ìlú Vienna ní ọdún 1808. Nígbà tí abala rẹ̀ kejì ń parí lọ, àwọn ohun èlò yòókù dákẹ́ kí ẹyẹ mẹ́ta lè gba orin: fèrè ké bí nightingale, óbò ké bí àparò kékeré ilẹ̀ Yúróòpù, kílárínẹ́ẹ̀tì méjì sì ké bí cuckoo. Beethoven kọ orúkọ wọn sínú ìwé orin náà. Etí rẹ̀ ti ń di nígbà náà, ìyẹn sì máa ń wọ̀ mí lára gan-an.

Ohùn méjì péré ni cuckoo rẹ̀ ní: mí, dó, mí, dó. Àmọ́ nígbà tí mo gbọ́ ẹ̀lúlùú, tí í ṣe ìbátan cuckoo, nínú igbó tó wà létí omi ní Ìkọ̀gọ̀sì, orin tirẹ̀ gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ lókè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń yára sí i bí omi tó ń dà jáde lẹ́nu akèrègbè, kó tó tún gòkè díẹ̀. Òjò ni àwọn àgbà wa ń retí bí ó bá ké. Bébà àti bírò ni èmi wá kiri. Àwọn ohùn rẹ̀ kan bọ́ sí àárín kíì dùùrù méjì, kò sì sí bí ìka ṣe lè tẹ ibẹ̀.

Olivier Messiaen ọmọ ilẹ̀ Faransé, tó máa ń kọ ohùn ẹyẹ sílẹ̀ nínú igbó, ló là mí lọ́yẹ̀. Ó dín ìyára ẹyẹ kù, ó sọ ohùn wọn kalẹ̀, ó sì fẹ àlàfo tó wà láàárín ohùn kan àti èkejì títí dùùrù fi lè gbà á. Báyìí ló ṣe kọ orin 13 tó wà nínú Catalogue d'oiseaux láàárín ọdún 1956 sí 1958. Mo fẹ àlàfo ẹ̀lúlùú bákan náà, mo fi í fún ọwọ́ òsì nísàlẹ̀, mo sì ń tẹ̀ ẹ́ báyìí kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀ nígbà òjò.

Ẹ̀gà ló kù, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń pariwo lórí ọ̀pẹ kan lẹ́ẹ̀kan náà, ọwọ́ méjì kò sì lè tó o. Ẹni tó bá ti fi fèrè tàbí gòjé gbìyànjú rẹ̀ rí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ bí ẹ ṣe pín in.