Aago orí kọ̀ǹpútà mi: ó ti yanjú

Ẹ ṣeun gan-an. Níjẹta mo béèrè ìdí tí ètò aago (app tí mo fi ń yí àkókò) orí kọ̀ǹpútà Linux mi fi ń gba password, síbẹ̀ tí àkókò kì í yí padà. NTP (ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń gba àkókò tó péye láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀) ló wà ní títàn! Bó bá ń ṣiṣẹ́, timedated (ètò abẹ́lẹ̀ tó ń bójú tó àkókò kọ̀ǹpútà) kì í gbà kí èèyàn fọwọ́ yí àkókò. Mo tẹ timedatectl set-ntp false láti pa NTP, mo tún gbìyànjú láti yí àkókò, ó sì yí lójú ẹsẹ̀.

Ohun tó wú mi lórí jù ni pé ètò aago náà fúnra rẹ̀ kò di root (ẹni tó ní gbogbo àṣẹ lórí kọ̀ǹpútà) rárá: polkit (ètò tó ń wò ó bóyá èèyàn ní àṣẹ) ló ń wádìí àṣẹ, timedated ló ń ṣiṣẹ́. Mo fi account ọmọ mi dán an wò, password alábòójútó ló béèrè. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Mo ti tan NTP padà, mo pa ọ̀rọ̀ yìí dé.