Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o, bíárìn wo ló yẹ ṣáfùtù ẹ̀yìn go-kart?

Bàbá Ìbejì: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mò ń ṣe go-kart, ọkọ̀ kékeré táwọn ọmọdé máa ń wà, fáwọn ìbejì mi, ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ 6.5 hp ni mo fi sí i, ródù 25 mm ni ṣáfùtù ẹ̀yìn tó gbé táyà. Bíárìn méjì, òrùka oníbọ́ọ̀lù tí ṣáfùtù ń yí nínú ẹ̀, nọ́ńbà 6205, la kì bọ páìpù, wẹ́dà wá jó páìpù mọ́ férémù. A gbé e jáde lánàá, kò tíì yí ilé po lẹ́ẹ̀mẹta tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké, mo fọwọ́ kàn án, ó gbóná janjan, gíríìsì ti ṣàn dé ara táyà. Ẹnìkan ní kí n ra 6305 torí ìyẹn nípọn jù ú lọ. Ẹ dákun, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló máa jókòó sórí nǹkan yìí.

Ajórin Mọ́níyà: Ẹ̀gbọ́n, ṣé bíárìn ti wà nínú páìpù nígbà tí wọ́n ń jó o?

Bàbá Ìbejì: Ó ti wà níbẹ̀.

Ajórin Mọ́níyà: Ó tán! Ooru yẹn ló jó gíríìsì, ó yọ́ rọ́bà ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, páìpù á sì ti lọ́, á wá fún un pọ̀. Tí wọ́n bá tún lọ fi earth, wáyà tí iná wẹ́dà ń gbà padà, há ṣáfùtù, àárín àwọn bọ́ọ̀lù ni iná gbà kọjá. 6305 náà á kú bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́rọ: Bàbá Ìbejì, ẹ lọ wo ẹ̀rọ tá a fi ń rin ẹ̀gẹ́. Bíárìn ibẹ̀ ní ilé tiẹ̀, pillow bearing là ń pè é, bóòtù méjì lẹ máa fi dè é, ẹ ò ní jó o rárá. UCP205 lẹ máa bèèrè. Bíárìn inú ẹ̀ máa ń yí díẹ̀ nínú ilé ẹ̀ bí ẹyinjú, tí férémù ò bá tiẹ̀ gún tán kò ní fún ṣáfùtù lọ́rùn, ó sì ní ojú tẹ́ ẹ máa gba fi gíríìsì sí i. Àmọ́ ẹ wọn ródù yẹn dáadáa kẹ́ ẹ tó lọ sọ́jà o, tó bá jẹ́ ínṣì kan, 25.4 mm nìyẹn, kò ní wọlé, UCP205-16 lẹ máa rà.

Bọ̀dá Tọ́nà: Bí màmá ṣe wí ni. Sukúrúù kéékèèké méjì tó wà lọ́rùn bíárìn yẹn, tó ń di ṣáfùtù mú, gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì máa ń tú u, ẹ fi fáìlì fá ibi tó máa tẹ̀ lára ṣáfùtù kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Kẹ́ ẹ sì gbé bíárìn sún mọ́ táyà, tí ṣáfùtù bá yọ síta jù á tẹ̀.

Bàbá Ìbejì: Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti gé páìpù yẹn báyìí, bọ́ọ̀lù inú ẹ̀ ti di búlúù bí irin tó ti wọ iná. Lọ́la mò ń lọ sí Gate n'Ìbàdàn lọ ra UCP205 méjì. Wẹ́dà á jó irin pẹlẹbẹ tí bóòtù máa wọ̀, bíárìn á sì wà nínú páálí ẹ̀ títí táá fi ṣe tán.