Ìsinmi inú ọkọ̀ lórí kánáàlì àti ìrìn ẹsẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: báwo ni tọkọtaya ṣe lè ṣe méjèèjì pọ̀?

Bàbá Bódìjà:

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Èmi àti ìyàwó mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, a sì máa ń rìn ní òwúrọ̀ nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn kí oòrùn tó mú. Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Ìlú Ọba fẹ́ fi ìsinmi ọlọ́sẹ̀ kan ta wá lọ́rẹ ní ọdún tí ń bọ̀, wọ́n sì ní kí a yan èyí tí ó bá wù wá. Mo ti rí àwòrán àwọn ọkọ̀ gbọọrọ tí ènìyàn ń sùn, tí ó sì ń jẹun nínú wọn lórí kánáàlì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní ilẹ̀ Faransé, mo sì rí i pé ọ̀nà ẹsẹ̀ wà létí omi náà.

Ohun tí kò yé mi ni bí a ṣe ń pa méjèèjì pọ̀. Bí a bá wà nínú ọkọ̀, ìgbà wo ni a ó rìn? Bí a bá sọ̀ kalẹ̀ rìn, ṣé ọkọ̀ kò ní fi wá sílẹ̀ lọ? Ìyàwó mi ti sọ pé òun kò ní jókòó sójú kan fún ọ̀sẹ̀ kan bí ẹrù, bẹ́ẹ̀ ni orúnkún mi ọ̀tún kò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ òkè mọ́ láti ìgbà tí a ti gun òkè lọ sí ilé ìṣọ́ Òkè Àárẹ̀. Kánáàlì kan ṣoṣo tí àwa ará Ìbàdàn mọ̀ dáadáa ni ti Ògùnpa tí ìjọba fi kọnkéré kọ́ lẹ́yìn omíyalé ọdún 1980, kò sì sí ẹni tí yóò gbé ọkọ̀ síbẹ̀ lọ ṣe fàájì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tí ó bá ti ṣe irú ìsinmi yìí rí ni kí ó dá mi lóhùn.

Ọmọ Òkè-Àdó:

Ẹ kú ìmúrasílẹ̀, Bàbá. Wiltshire ni mo gbé kí n tó padà wá sílé, kánáàlì Kennet and Avon kò sì jìnnà sí ẹnu ọ̀nà mi. Ẹ má ṣe bẹ̀rù pé ọkọ̀ yóò fi ẹni tí ń rìn sílẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ jùlọ kánáàlì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ kò gbọdọ̀ sáré ju máìlì 4 lọ ní wákàtí kan, bí ó bá sì ń kọjá lára àwọn ọkọ̀ tí wọ́n so sí etí omi, ó tún gbọ́dọ̀ rọra ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ìgbì rẹ̀ má baà fa èèkàn wọn tu. Kí ẹ̀rọ tó dé, ẹṣin ni ó ń fa àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí, ọ̀nà tí ẹ rí nínú àwòrán sì ni ẹṣin àti ẹni tí ń dà á ń tọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀nà náà kì í fi í kúrò létí omi, tí kò sì ní òkè tí yóò da orúnkún yín láàmú, àyàfi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kékeré níbi tí lọ́ọ̀kì bá wà.

Lọ́ọ̀kì yìí gan-an ni kí ẹ fi ọkàn sí. Yàrá omi ni, ó ní ilẹ̀kùn níwájú àti lẹ́yìn, òun ni wọ́n sì fi ń gbé ọkọ̀ gòkè tàbí sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níbi tí ilẹ̀ kò bá tẹ́jú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó gba ọkọ̀ ni yóò ṣí i fúnra rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹnì kan yóò sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú irin ọlọ́wọ́ kan, yóò fi yí ẹ̀rọ tí ń gbé pákó ojú ihò omi sókè, omi yóò máa ru wọlé, yóò sì dúró títí omi ti inú àti ti ìta yóò fi dọ́gba. Lẹ́yìn náà ni yóò kẹ̀yìn sí igi ńlá tí ó wà lára ilẹ̀kùn, tí yóò sì máa fi ìdí tì í díẹ̀díẹ̀. Kí omi tó dọ́gba, kò sí alágbára tí ó lè ṣí i. Bí ọkọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹni tí ń darí rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí i pé ìdí ọkọ̀ ti kọjá ìlà funfun tí wọ́n kùn sí ara ògiri, nítorí pé pèpéle kan wà lábẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn: bí ìdí ọkọ̀ bá há sórí rẹ̀ nígbà tí omi ń fà, iwájú ọkọ̀ yóò dorí kodò, ọkọ̀ náà sì lè rì.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rìn ni ó máa ń ṣe iṣẹ́ lọ́ọ̀kì yìí, nítorí yóò ti rìn lọ síwájú láti lọ ṣí ọ̀nà sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé. Ní Caen Hill, lẹ́bàá ìlú Devizes, lọ́ọ̀kì 29 ni ó wà láàárín nǹkan bíi máìlì 2 péré, 16 nínú wọn sì tò tẹ̀ lé ara wọn lórí òkè kan ṣoṣo. Ọkọ̀ lè lo wákàtí 5 sí 6 níbẹ̀, nígbà tí ẹlẹ́sẹ̀ yóò ti dé òkè láìpé wákàtí kan. Níbi tí lọ́ọ̀kì bá pọ̀, ẹlẹ́sẹ̀ ni ó ń dúró de ọkọ̀.

Ohun tí àwọn ìpolówó kì í fẹ́ sọ ni pé ẹni méjì péré kò lè jọ rìn nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ, nítorí ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nídìí ọ̀pá ìdarí. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin méjì nìkan, Màmá yóò máa rìn, ẹ̀yin yóò máa tukọ̀, ẹ ó sì máa juwọ́ síra yín láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ mú méjì nínú àwọn ọmọ dání, kí wọ́n máa tukọ̀ fún yín.

Ìyá Jẹ́ríkọ̀:

Ọ̀rọ̀ ẹni méjì tí Ọmọ Òkè-Àdó sọ yìí ni ó gbé èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gba ilẹ̀ Faransé lọ. Àwọn ọkọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ó jẹ́ òtẹ́ẹ̀lì lórí omi: atukọ̀, alásè àti ẹni tí ń tọ́jú yàrá wà nínú rẹ̀, àlejò kò sì ní iṣẹ́ kankan ju kí ó jẹun, kí ó sì rìn lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó jẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù tẹ́lẹ̀, tí gígùn wọn tó mítà 38.5, nítorí pé òfin Freycinet ti ọdún 1879 ni ó fi ìwọ̀n kan náà lélẹ̀ fún àwọn lọ́ọ̀kì tí ó wà lórí ojú omi pàtàkì ní ilẹ̀ Faransé.

Canal de Bourgogne ni a gbà. Kìlómítà 242 ni gígùn rẹ̀, lọ́ọ̀kì 189 sì ni ó wà lórí rẹ̀, Bàbá, ẹ wo iye ìgbà tí ènìyàn lè sọ̀ kalẹ̀! Bí ọkọ̀ bá wọ lọ́ọ̀kì, etí rẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri, ẹ ó kàn gbé ẹsẹ̀ kan sórí ilẹ̀ ni. A máa ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, a ó rìn kọjá oko wíìtì àti ilé ẹni tí ń ṣọ́ lọ́ọ̀kì, tí ó sábà máa ń gbin òdòdó àti ewébẹ̀ sí iwájú ilé rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá dun ẹnì kan, yóò jókòó sórí òkúta lọ́ọ̀kì tí ó kàn títí ọkọ̀ yóò fi dé bá a. Kí a tó kúrò nínú ọkọ̀, atukọ̀ wa ti máa ń sọ ibi tí a ó ti jẹun ọ̀sán fún wa, nítorí náà kò sí pé à ń wá ara wa kiri. Kẹ̀kẹ́ wà nínú ọkọ̀ fún ẹni tí ìrìn kò bá tó. Èmi kò fọwọ́ kàn án.

Àwọn kan yóò sọ fún yín pé Canal du Midi, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, ni ó lẹ́wà jù. Kò burú: Pierre-Paul Riquet bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1666, ó kú ní 1680, wọ́n sì ṣí i ní 1681 láìsí i níbẹ̀, UNESCO sì ti kà á mọ́ ogún àgbáyé láti ọdún 1996. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́sẹ̀ ni ẹ̀yin. Àrùn kan ti ń pa àwọn igi ńláńlá tí ń ṣíji bo ọ̀nà etí omi náà láti ọdún 2006, wọ́n sì ti gé ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn lulẹ̀, nítorí náà ní oṣù Keje, oòrùn gúúsù yóò máa pa yín lórí ní àwọn ibi kan.

Owó rẹ̀ ga o, n kò ní tàn yín. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oúnjẹ àti ọtí wáìnì sábà máa ń wà nínú rẹ̀.

Alárìnkiri Mókọ́lá:

Mo bọ̀wọ̀ fún Ìyá Jẹ́ríkọ̀, ṣùgbọ́n èrò mi yàtọ̀. Físà Ìlú Ọba kò lè gbé Bàbá wọ ilẹ̀ Faransé. Físà Schengen ni wọn yóò tún wá, èyí já sí ìwé méjì, owó méjì àti ìdúró méjì, nígbà tí ó jẹ́ pé ilé àwọn ọmọ ni wọ́n ń lọ. Ẹ dúró sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ibi tí ó bá yín mu ni àárín Bath sí Bradford-on-Avon, lórí kánáàlì Kennet and Avon kan náà. Nǹkan bíi máìlì 9 ni ọkọ̀ ń rìn níbẹ̀ láìpàdé lọ́ọ̀kì tí yóò gbé e gòkè, ilẹ̀ náà tẹ́jú, kánáàlì náà sì gba orí afárá Dundas àti ti Avoncliff kọjá lókè odò Avon. Omi lórí omi, Bàbá! Ojú irin sì gba inú àfonífojì kan náà, ibùdókọ̀ rẹ̀ wà ní Avoncliff, Freshford àti Bradford. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹ lè so ọkọ̀ mọ́ èèkàn létí omi ní òwúrọ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ rìn lọ, kí ẹ jẹun, kí ẹ sì wọ ọkọ̀ ojú irin padà. Ìdáhùn sí ìṣòro ẹni méjì nìyẹn, ẹ kò sì nílò láti mú ọmọ kankan kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ ohun tí ẹ ó máa ròyìn nígbà tí ẹ bá dé, ẹ lọ sí kánáàlì Llangollen ní ilẹ̀ Wales. Afárá Pontcysyllte, èyí tí Thomas Telford parí ní 1805, gbé kánáàlì náà sókè ní mítà 38 lórí odò Dee. Irin ààbò wà lápá ọ̀nà ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n lápá kejì, kò sí nǹkankan láàárín ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ àti àfonífojì. Ní tèmi, ẹsẹ̀ ni mo fi kọjá. Láti ìlú Llangollen, nǹkan bíi máìlì 2 ni ó kù sí Horseshoe Falls tí omi kánáàlì náà ti ń wọlé. Apá yẹn tẹ́ẹ́rẹ́ jù fún ọkọ̀ ẹlẹ́rọ, ẹṣin ṣì ń fa ọkọ̀ àwọn àlejò níbẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ sì dára púpọ̀ fún ìrìn ìrọ̀lẹ́.

Bàbá Bódìjà:

Ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run yóò san án fún yín. Ìyàwó mi ti ka gbogbo rẹ̀, Bath sí Bradford ni ó sì dìbò fún, nítorí ọ̀rọ̀ ojú irin yẹn. Ó kù díẹ̀ tí a fẹ́ béèrè. N kò tukọ̀ rí láyé mi. Ṣé ìwé àṣẹ wà tí wọn yóò béèrè lọ́wọ́ mi? Oṣù wo ni ó dára, ṣé a sì lè se oúnjẹ tiwa nínú ọkọ̀?

Ọmọ Òkè-Àdó:

Wọn kì í béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó gba ọkọ̀ fún ìsinmi, Bàbá. Ẹni tí ó ni ọkọ̀ yóò kọ́ yín ní ìdarí rẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ bá gbà á. Ohun tí ó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu ni pé bí ẹ bá ti ọ̀pá ìdarí sí ọ̀tún, òsì ni iwájú ọkọ̀ yóò yà sí. Ẹ má ṣe tukọ̀ lálẹ́, wọn kò gbà á fún àwọn ọkọ̀ ìsinmi. Oṣù Karùn-ún sí Kẹsàn-án ni kí ẹ wò, nítorí ní ìgbà òtútù wọ́n máa ń ti àwọn apá kan pa láti tún lọ́ọ̀kì ṣe, ẹrẹ̀ a sì pọ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ gbé súwẹ́tà dání, kódà ní oṣù Kẹfà, òtútù orí omi kì í ṣe ti Ìbàdàn.

Ẹ̀rọ ìdáná gáàsì àti fíríìjì wà nínú rẹ̀, kí àwọn ọmọ bá yín ra èlùbọ́ ní Peckham kí ẹ tó kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù. Kí wọ́n sì béèrè ọkọ̀ tí ó ní ibùsùn tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí nínú àwọn kan, tábìlì oúnjẹ ni ẹ ó máa tú palẹ̀ lálaalẹ́ kí ẹ tó lè sùn.