Ebòlò àti yánrin ń bá koríko lọ: báwo lẹ ṣe ń darí àwọn tó ń wá bá yín roko?

Olùtọ́jú Ọgbà (Ìbàdàn):
Ẹ kú òjò o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀fọ́ ìbílẹ̀ nìkan la gbìn sí ọgbà àjọni àdúgbò wa: ṣọkọyọ̀kọ̀tọ̀, òdú, ebòlò, yánrin, wòròwó àti ewúro. Àwọn ọ̀dọ́ tó yọ̀ǹda ara wọn ló ń bá wa roko láràárọ̀ Sátidé. Látìgbà tí òjò Èbìbí ti dúró dáadáa, gbogbo nǹkan ló ń hù pọ̀, wọ́n sì ń fa ẹ̀fọ́ tu mọ́ koríko. Ìtàkùn wòròwó tí a rì náà ń rà láti ìsàlẹ̀. Kí ni ká ṣe?

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́:
Òdú kì í ṣàìmọ̀ olóko, àmọ́ ọmọ tó dàgbà sígboro ò lè mọ̀ ọ́n. Ẹ má gbé ọkọ́ lé wọn lọ́wọ́ níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀fọ́ ò tíì yọ ewé mẹ́rin. Ọwọ́ ni kí wọ́n fi tu koríko.

Ìlà ni kẹ́ ẹ sì máa gbìn sí, ẹ má fọ́n irúgbìn káàkiri. Fún ṣọkọ, ẹ po ṣíbí kékeré kan irúgbìn mọ́ iyanrìn gbígbẹ tó kún agolo wàrà, kẹ́ ẹ wọ́n ọn sójú ìlà tí kò jìn, kí ìlà kan fi sẹ̀ǹtímítà 20 jìnnà sí èkejì. Erùpẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kẹ́ ẹ fi bò ó. Tó bá jìn, kò ní hù. Ẹ da imọ̀ ọ̀pẹ lé e kí òjò má baà gbá a lọ sápá kan, kẹ́ ẹ ká a kúrò ní gbàrà tó bá ti ń yọrí, láàárín nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún sí méje. Ohunkóhun tó bá hù sáàárín ìlà, koríko ni.

Àmì tí wọ́n lè fi dá wọn mọ̀: yánrin máa ń tẹ́ ewé yí ká sórí ilẹ̀, tẹ́ ẹ bá já a, omi funfun á jáde. Ebòlò ní òórùn tó le tẹ́ ẹ bá ra ewé rẹ̀, òdòdó rẹ̀ sì máa ń dorí kodò. Òdú àti koropò, koríko tó fara jọ ọ́, ló ń dani láàmú jù. Tí kò bá dá wọn lójú, kí wọ́n fi í sílẹ̀ títí táá fi yọ òdòdó: ti òdú funfun, ti koropò pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

Àgbẹ̀ Kòkó:
Ìyá ti sọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ tán. Ti wòròwó yẹn, omi ló ń dúró sí i nídìí. Abẹ́ òjìji kòkó ló ti ń ṣe dáadáa, kì í ṣe inú oòrùn, kì í sì í fẹ́ àbàtà. Ẹ gé èyí tó ti gbó, sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25, tó ní oríkèé mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ fi í sábẹ́ òjìji fún ọjọ́ kan kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ gbẹ, kẹ́ ẹ wá ri oríkèé méjì mọ́lẹ̀ lórí ebè gíga.

Ewúro ńkọ́? Ẹ máa gé orí igi tẹ́ ẹ fẹ́ rì ní pẹrẹsẹ, kẹ́ ẹ gé ìdí rẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ lè mọ orí yàtọ̀ sí ìdí. Àwọn tí kò mọ̀ máa ń rì í ní ìdoríkodò, kò sì ní hù dáadáa.

Olùtọ́jú Ọgbà:
Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ẹ ṣeun, sà. Koríko tí wọ́n ń pè ní akíntọ́lá tó yí ọgbà ká ńkọ́? Ṣé ká fi àdá bẹ́ ẹ?

Àgbẹ̀ Kòkó:
Tẹ́ ẹ bá bẹ́ ẹ, ẹ̀ka ló máa yọ sí i. Ilẹ̀ rọ̀ nísinsìnyí, ẹ fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò kó tó yọ òdòdó nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, torí òdòdó yẹn ló ń fa tata. Ẹ lè kó o sábẹ́ ewúro kó bo ilẹ̀. Gbúre tẹ́ ẹ bá tu ní tirẹ̀, ẹ má jù ú sójú ọ̀nà, àárín òjò yìí ló máa tún ta gbòǹgbò. Koríko ẹ̀kan ní tirẹ̀, ẹ wa á jáde. Ọkọ́ á kàn gé e sí wẹ́wẹ́ ni, gbogbo wẹ́wẹ́ yẹn á sì hù.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́:
Ìgbẹ́ adìyẹ tútù, ẹ jẹ́ kó jẹrà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kẹ́ ẹ tó dà á sí ìdí ohunkóhun.