Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé mi ò gbe tòmátì, kí ni kí n ṣe?

Ará Ọbáńtókò: Ẹ̀yin ará, ẹ ǹlẹ́ o. Yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ ló pọ̀ nílẹ̀ wa l'Ábẹ́òkúta níbí, bí mo ṣe ń bomi sí i ló ń gbẹ. Tòmátì mi ò dàgbà, ìdí èso ẹ̀ tún ń dúdú kó tó pọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí.

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́ àbúrò mi. Wá ìgbẹ́ adìyẹ, ṣùgbọ́n má lo tútù o, ó máa jó gbòǹgbò ẹ̀ ni. Kó o jọ síbì kan, da ewé gbígbẹ mọ́ ọn, máa wọ́n omi sí i, máa yí i, tó bá ti dúdú tí ò rùn mọ́ tó sì ń fọ́ wẹ́wẹ́ lọ́wọ́, ó ti jinná nìyẹn. Ro ó mọ́ ilẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 kó o tó gbìn.

Àgbẹ̀ Òdẹ̀dá: Òótọ́ ni màmá sọ. Ti ìdí tó ń dúdú yẹn, omi tí ò déédéé ló sábà máa ń fà á, kálísíọ̀mù, ìyẹn èròjà kan tí èso nílò látinú ilẹ̀, ò ní ráyè dénú èso. Fi koríko gbígbẹ bo ìdí ẹ̀. Má sì gbìn ín síbi tó o ti gbin ata tàbí ìgbá lọ́dún tó kọjá, àrùn kan náà ló ń pa wọ́n.

Ará Ọbáńtókò: Ẹ ṣé gan-an. Eérú ńkọ́?

Ìyá Ìbejì: Ó dáa, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni o, má pò ó mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ.