Bátìrì kún lọ́sàn-án, inverter kú ní aago mẹ́sàn-án alẹ́: bátìrì ni àbí wáyà?

Ará Tanke
Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Inverter 3.5kVA oní-24V ni, bátìrì tubular (oní-òjé) 220Ah méjì, páńẹ̀lì 450W mẹ́rin. Kó tó di aago kan ọ̀sán, bátìrì á ti kún. Lálẹ́, firíìjì, fáànù mẹ́ta, tẹlifíṣọ̀n àti gílóòbù nìkan ló ń ṣiṣẹ́, gbogbo ẹ̀ ò ju 480W lọ. Tí sólà bá ti lọ ní aago mẹ́fà, kì í kọjá mẹ́sàn-án tí á fi ké, tí á sì kú. Ẹni tó so ó ní kí n ra bátìrì méjì míì. Lọ́sàn-án gangan pàápàá, páńẹ̀lì kì í mú ju 350W wá. Kí ni kí n kọ́kọ́ wò?

Onísólà Ọ̀fà
Ẹ má tíì ra nǹkan kan. 220Ah lọ́nà 24V jẹ́ 5,280Wh. Ìdajì ẹ̀ ló yẹ kéèyàn máa lò lára tubular, ìyẹn 2,640Wh. 480W yín, pẹ̀lú ohun tí inverter fúnra ẹ̀ ń jẹ, á súnmọ́ 550W. Ó yẹ kó gbé e tó wákàtí mẹ́rin àbọ̀ ó lé díẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé á dé ìdájí ń tàn yín ni, àmọ́ ó yẹ kó máa lé ní aago mẹ́wàá àbọ̀.

Tó bá tún ń ké lálẹ́, ẹ má pa nǹkan kan. Ẹ wo fóòtì ojú inverter, kẹ́ ẹ wá fi mítà wọn bátìrì méjèèjì pa pọ̀, lẹ́yìn náà ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orí òjé bátìrì gan-an (ibi tí wáyà ti so mọ́ ọn) ni kí ẹnu mítà kàn o, kì í ṣe orí bọ́ọ̀tì.

Ará Tanke
Ojú inverter: 23.0V. Bátìrì méjèèjì: 23.9V. Ọ̀kọ̀ọ̀kan: 11.97 àti 11.93. Lug kan (irin ẹnu wáyà tó so mọ́ bátìrì) gbóná débi pé ọwọ́ ò gbà á.

Ọmọ Àjàṣẹ́
Ẹ kàn fa cut-off (fóòtì tí inverter ti ń pa ara ẹ̀) wálẹ̀ sí 21V nínú setting 29. Á gùn sí i.

Onísólà Ọ̀fà
Àbúrò, rárá. 21V á fa bátìrì gbẹ, kò sì ní mú lug yẹn tutù. Ẹ wo nọ́ńbà wọn: bátìrì méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ara wọn yá. 0.9V ló ń sọnù lójú ọ̀nà. Inverter rò pé bátìrì ti dé 23.0V tí wọ́n fi ṣe cut-off, ó sì pa á nígbà tí nǹkan ṣì wà nínú ẹ̀. 23A ló ń gba ibẹ̀ kọjá; 0.9V lọ́nà 23A jẹ́ nǹkan bíi 20W tó ń di ooru lẹ́nu wáyà.

Ẹ kọ́kọ́ pa bíríkà páńẹ̀lì, kẹ́ ẹ pa inverter, kẹ́ ẹ tó pa ti bátìrì. Ẹ fi téèpù wé ọwọ́ sípánà. Ẹ tú lug tó gbóná, kẹ́ ẹ wò ó bóyá wáṣà wà láàárín òun àti òjé: àṣìṣe àwọn tó ń kánjú nìyẹn. Lug ló gbọ́dọ̀ jókòó lórí òjé, wáṣà á wá wà lókè. Ẹ fi sáńpépà ha ojú méjèèjì kó máa dán. Ẹ fi ọ̀bẹ ha wáyà pẹ̀lú: tí inú ẹ̀ bá funfun, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà bò ni, ẹ jù ú nù. Kọ́pà gidi 35mm² ni kẹ́ ẹ lò, kó má gùn ju mítà méjì lọ, kí wọ́n fi ẹ̀mú lug tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe òòlù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan kẹ́ ẹ tún un mú le, torí òjé máa ń rọ̀.

Ìyá Ìbejì Adéwọlé
Ti 350W yẹn ò ṣe nǹkan kan. Bátìrì ti kún, inverter ò rí ẹni tó fẹ́ gba iná, ó wá dín páńẹ̀lì kù. Ẹ tan áyọ́ọ̀nù 1000W ní aago kan ọ̀sán, kẹ́ ẹ wo PV (iná tí páńẹ̀lì ń mú wá). Tó bá sáré gun 1,200W, ara páńẹ̀lì yá. Ẹ má retí 1,800W láéláé: tí páńẹ̀lì bá gbóná dé 65°C, ó ti pàdánù bíi 14 nínú 100. Tí kò bá gòkè rárá, ẹ wo òjìji igi máńgòrò àti eruku ọyẹ́. Omi lásán àti fóòmù ni ká fi fọ̀ ọ́ láàárọ̀ kùtù, kò gbọdọ̀ jẹ́ ìgbà tí gíláàsì gbóná.

Ọmọ Àjàṣẹ́
Mo gbà, ẹ̀gbọ́n. Ẹ tún yẹ bíríkà páńẹ̀lì wò, kí wọ́n má lọ fi ti AC (irú iná NEPA) síbẹ̀. Iná NEPA máa ń dé òdo ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ibẹ̀ ni bíríkà AC ti ń rí iná pa. DC (irú iná páńẹ̀lì) kì í dé òdo, iná ẹ̀ á máa jó nínú bíríkà títí á fi yọ́. Tí NEPA bá sì wà tí inverter ń kọ̀ ọ́, ẹ yí setting 03 sí APL, á gbà á láti 90V. Àmọ́ ẹ yọ firíìjì kúrò lálẹ́ tí NEPA bá rẹlẹ̀, torí bó ṣe wọlé náà ló ṣe ń jáde.

Ará Tanke
Wáṣà ló wà lábẹ́ lóòótọ́! Ìyàtọ̀ ti di 0.08V báyìí. Ṣé mo lè fi sumo (ẹ̀rọ tó ń fa omi) 1hp sí i?

Onísólà Ọ̀fà
Ọ̀sán nìkan, nígbà tí oòrùn bá mú, kẹ́ ẹ sì pa firíìjì ná. Tó bá ń gbéra, ó lè fa ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún iná tó ń jẹ. Lálẹ́, fóòtì bátìrì á rì, inverter á sì kú.